Ta Ló Tún Mọ Nọ́ńbà Séèfù Rẹ?

Láti oṣù kẹjọ ọdún 2025, nígbà tí àwọn olùwádìí ààbò, Mark Omo àti James Rowley, fi han àwọn èrò ìpàdé ààbò kọ̀ǹpútà Def Con ní Las Vegas bí a ti í ṣí títì séèfù oníbọ́tìnnì ProLogic tí Securam ṣe láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń di ẹ̀bi ru títì tí ń lo bátìrì. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Títì wọ̀nyí, láti ilé iṣẹ́ ni a ti la ẹnu ògiri wọn sílẹ̀, kí oníṣẹ́ títì lè ran ẹni tí ó bá gbàgbé nọ́ńbà lọ́wọ́.

Ẹni tí ó fẹ́ ra séèfù àlòkù, àpótí aṣọ́wó-má-sùn, kí ó kọ́kọ́ mọ bí títì oníyíyí ti ń ṣiṣẹ́. Awo irin mẹ́ta ni ó wà nínú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àlàfo kan létí. Bí a ti ń yí ojú títì sọ́tùn-ún sósì ni awo kan ń ti èkejì, títí àlàfo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò fi tò sójú kan náà lábẹ́ ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́, tí ọ̀pá náà yóò sì rì sínú wọn, kí ìdè ilẹ̀kùn tó lè fà sẹ́yìn. Nítorí pé nọ́ńbà 100 ni ó wà lójú títì, ọ̀nà mílíọ̀nù kan ni a ń fọ́nnu lé lórí. Ṣùgbọ́n Richard Feynman, onímọ̀ físíìsì, rí i ní Los Alamos nígbà Ogun Àgbáyé Kejì pé títì ibẹ̀ ń gba àṣìyí nọ́ńbà méjì sókè tàbí nísàlẹ̀, tí 100 fi di 20, tí mílíọ̀nù kan sì di 8,000. Ọ̀gá ológun kan níbẹ̀, tí séèfù rẹ̀ tóbi ju ti ẹnikẹ́ni lọ, kò tilẹ̀ yí nọ́ńbà tí ó bá a ti ilé iṣẹ́ wá padà rárá! Nígbà tí Feynman fi irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ dán séèfù àwọn mìíràn wò, ó tó ọ̀kan nínú márùn-ún tí ó ṣí.

Ara séèfù náà ńkọ́? Àkọlé TL-15 tí UL, ilé iṣẹ́ ìdánwò ti Amẹ́ríkà, ń fi sára séèfù kò ju pé ilẹ̀kùn rẹ̀ fara da ìṣẹ́jú 15 tí irinṣẹ́ fi ń jẹ ẹ́ ní tààrà. Séèfù tí a ṣe nítorí iná lè má dí olè lọ́wọ́ rárá.

N kò ní fi gbogbo ẹnu bú títì oníbọ́tìnnì, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ àlòkù, oníyíyí ni èmi yóò fara mọ́, nítorí pé olùrà lè mú àṣírí olóhun àtijọ́ kúrò nínú rẹ̀. Kí ó yẹ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn wò bóyá a ti lu ihò kan rí tí a sì dí i, kí ó pe oníṣẹ́ títì láti yí nọ́ńbà padà, kí ó sì dán nọ́ńbà tuntun wò léraléra nígbà tí ilẹ̀kùn ṣì wà ní ṣíṣí.