Àtúnṣe ni àbí Pàṣípààrọ̀? Ọ̀rọ̀ lórí Kámẹ́rà Àtijọ́

Ọ̀pọ̀ ìdílé ni kámẹ́rà àtijọ́ wà nínú àpótí wọn. Bàbá tí ó ń fi í ṣiṣẹ́ fọ́tò lè ti di olóògbé; ọmọ ni ó wá gbé e jáde, ó tẹ̀ ẹ́, kò dún bí ó ti yẹ. Ìbéèrè tí ó délẹ̀ ni pé, ṣé kí ó tún un ṣe ni, àbí kí ó ra òmíràn? Èsì tí ó yá àwọn ènìyàn lẹ́nu ni pé bí owó àtúnṣe bá ti ju owó tí a lè fi ra òmíràn lọ, kí a ra òmíràn. Ìṣirò yìí dára fún rédíò tí irú rẹ̀ ṣì wà lórí àtẹ. Kò dára fún kámẹ́rà tí a kò ṣe mọ́, nítorí pé òmíràn tí à ń wí náà kì í ṣe titun. Tòkunbọ̀ ni. Ọjọ́ orí rẹ̀ lè dọ́gba pẹ̀lú ti èyí tí ó bàjẹ́, kí òróró inú rẹ̀ sì ti gbẹ bákan náà. Owó rírà rẹ̀ àti owó títún un ṣe ni ó yẹ kí a rò pọ̀, kí a tó fi wé owó àtúnṣe ti ilé.

Ẹ jẹ́ kí á fi Rolleiflex ṣe àpẹẹrẹ. Kámẹ́rà olójú méjì, tí a ń gbé kọ́ àyà, tí a sì ń tẹ orí ba wò, kò ṣàjèjì sí àwọn onífọ́tò ilẹ̀ Yorùbá láyé fọ́tò dúdú-òun-funfun. Ilé iṣẹ́ Franke & Heidecke ní ìlú Braunschweig, ní Jámánì, ni ó gbé Rolleiflex jáde ní 1929. Ojú òkè ni onífọ́tò fi ń wòran. Ojú ìsàlẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà dé ara fíìmù. Èyí tí ó wọ́pọ̀, tí wọ́n ṣe lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ń lo fíìmù 120, àwòrán 12 ni ó sì ń yà lórí ẹyọ kan. Kò nílò bátìrì. Sípíríǹgì àti eyín irin wẹ́wẹ́ ni ó ń ṣí ṣọ́tà, èyí tí í ṣe ìlẹ̀kùn ìmọ́lẹ̀, tí wọ́n sì tún ń pa á dé.

Ṣọ́tà yìí ni ó sábà máa ń ṣàìsàn. Òróró tí wọ́n fi sí i láti ilé iṣẹ́ a gbẹ, a dà bí oje igi. Bí a bá ní kí ó ṣí fún ìṣẹ́jú àáyá kan, ó lè ṣí fún méjì, tàbí kí ó má tilẹ̀ padà dé mọ́. Ìdánwò rẹ̀ kò le: ẹ ṣí ẹ̀yìn kámẹ́rà nígbà tí kò sí fíìmù nínú rẹ̀, ẹ fi í sí ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì máa wo aago. Bí ó bá falẹ̀, ẹ má kẹ́dùn. Ìdọ̀tí ni, kì í ṣe ikú. Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ yóò tú u, yóò fọ̀ ọ́, yóò sì fi òróró díẹ̀ sí ibi tí ó yẹ. Ohun tí a kò gbọdọ̀ dán wò ni kí a ro òróró ẹ̀rọ ìránṣọ sí i. Gbígbẹ ni àwọn ewé irin pẹlẹbẹ tí ń ṣí tí ń pa dé náà gbọdọ̀ wà. Òróró kékeré yóò lẹ̀ wọ́n pọ̀. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà tí ìbá yè ni irú inú rere bẹ́ẹ̀ ti pa.

Ewu ibẹ̀ ni pé kámẹ́rà tí ṣọ́tà rẹ̀ ń falẹ̀ kì í pariwo. Onífọ́tò yóò ya ìgbéyàwó tàbí ìsìnkú àgbà, fíìmù yóò máa yí, gbogbo rẹ̀ yóò dà bí ẹni pé ó dára, àfi ìgbà tí ó bá fọ fíìmù tán tí ó rí i pé ó dúdú kirikiri. A kì í sì í sin òkú lẹ́ẹ̀mejì nítorí onífọ́tò.

Ọ̀ràn lẹ́ńsì kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ tan iná tọ́ọ̀ṣì gba inú rẹ̀ kọjá. Bí ẹ bá rí ohun funfun tí ó ta bí òwú aláǹtakùn, ọ̀rinrin ni ó mú un hù. Bí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó ṣe é nù. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti jẹ ara dígí, tàbí tí gọ́ọ̀mù tí ó so dígí méjì pọ̀ bá ti ń ṣí, a kì í mọ̀ ọ́n gún, mọ̀ ọ́n tẹ̀, kí iyán ewùrà má lẹ́mọ. Lára kámẹ́rà mìíràn tí ó ti kú ni a ti lè rí dígí yọ. Níhìn-ín ni wíwá òmíràn rà ti mọ́gbọ́n wá. Ti ohun tí ń wọn ìmọ́lẹ̀, tí ó wà lára díẹ̀ nínú wọn, kò yẹ kí ó da ẹnikẹ́ni láàmú. Selenium inú rẹ̀ a máa kú, kámẹ́rà a sì máa ṣiṣẹ́ lọ. Nínú oòrùn gangan, pẹ̀lú fíìmù 100, kí a fi ojú lẹ́ńsì sí 16, kí a sì fi ṣọ́tà sí ìdá kan nínú 125 ìṣẹ́jú àáyá. Àwòrán yóò yọ.

Bí a bá kúrò lórí irin, tí a dé orí iná mànàmáná, ìdájọ́ yí padà. Canon AE-1, tí ó jáde ní 1976, bátìrì ni ó ń gbé ọpọlọ rẹ̀ ró. Láìsí i, ṣọ́tà kò ní í ṣí rárá. Bí ọpọlọ yẹn bá jó, kò sí ohun tí oníṣẹ́ lè fọ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́ńsì rẹ̀ ṣe é tú: a lè ra ara kámẹ́rà mìíràn, kí a gbé lẹ́ńsì àtijọ́ wọ̀ ọ́. Ti Rolleiflex kò ṣe é tú bẹ́ẹ̀. Bí a bá pa ara rẹ̀ tì, a pa ojú rẹ̀ tì pẹ̀lú.

Kí a tó ná kọ́bọ̀ kan, ẹ jẹ́ kí á bèèrè fíìmù. Kodak àti Ilford ṣì ń ṣe 120. Kodak ti dá 620, tí ọ̀pọ̀ Brownie ń lò, dúró láti 1995. Ẹni tí ó ní irú rẹ̀ ní láti máa fi ọwọ́ ká 120 sórí róòlù 620 nínú òkùnkùn, iṣẹ́ tí ó tètè ń sú ènìyàn. Kámẹ́rà fíìmù titun kò ṣàìsí: Leica dá M6 padà sórí àtẹ ní 2022, Pentax sì gbé èyí tí ó ń jẹ́ 17 jáde ní 2024. Kò sí èyí tí ń lo 120 nínú méjèèjì, nítorí náà wọn kò lè dípò kámẹ́rà bàbá náà.

Bí ẹni tí ó jogún rẹ̀ kò bá ní í fi ya nǹkan kan, kò sí ìdí fún àtúnṣe. Kí ó yọ ọ́ kúrò nínú àpò awọ, nítorí pé awọ a máa fa ọ̀rinrin mọ́ra nígbà òjò. Kí ó gbé e sí ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, kí ó sì máa tẹ ṣọ́tà rẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.