Gígun Kẹ̀kẹ́ ní Ọ̀nà Olókè
Ọ̀nà tí ó ti Ẹ̀fọ̀n-Aláàyè lọ sí Ìkógòsì, ní Ìpínlẹ̀ Èkìtì, gba àárín òkè àti igbó kọjá. Ìgòkè a máa tán ènìyàn lókun, ṣùgbọ́n ìsọ̀kalẹ̀ ni ó léwu jù fún ẹni tí ó gun kẹ̀kẹ́. Bí òjò bá rọ̀, rọ́bà ìjánu kì í tètè di ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ mú. Bí a bá sì fa ìjánu iwájú nìkan lójijì, kẹ̀kẹ́ lè gbé ẹni tí ó gùn ún ṣubú.

Nítorí náà, kí olúkúlùkù yẹ ìjánu méjèèjì wò kí ó tó gbéra. Kí ó dẹ eré kí ó tó dé kọ́nà, kí ó sì máa fa méjèèjì pọ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí ọ̀nà tilẹ̀ dá páropáro, ọwọ́ ọ̀tún ni kí ó máa gbà, nítorí ọkọ̀ lè yọ nígbàkígbà.