Sísan owó ẹgbẹ́ nìkan kò tó: Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń fi iṣẹ́ tọ́jú aláìsàn, láti Òṣòdì

Bí ènìyàn bá dárúkọ Òṣòdì létí ẹni tó ń gbé ní abúlé, ohun tó máa kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni ọkọ̀ dáńfó, èrò tó ń wọ́ lọ bí omi, àti àwọn kọ̀ndọ́kítọ̀ tó ń pariwo Ìyànà-Ìpájà, Mushin àti Ìsọlọ̀. Ṣùgbọ́n ní Òṣòdì yìí kan náà, ilé ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá láìmọ ohun tí wọ́n ń kọ́ nínú rẹ̀. Federal School of Occupational Therapy ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí. Abẹ́ ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ ní Yábàá ni wọ́n dá a sílẹ̀ sí, ilé ìwòsàn tó ti wà láti ọdún 1907, tó sì ní ẹ̀ka ní Òṣòdì.

Kí ni iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀? Ká ní bàbá kan wà ní Ìsọlọ̀ tó jẹ́ télọ̀, tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù. Dókítà ti bá a wá nǹkan ṣe sí ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ̀mí rẹ̀ kò bọ́, àmọ́ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò lè di sísọ́ọ̀sì mú mọ́. Kò lè de bọ́tìnnì ara rẹ̀, kò lè gbé ife omi dé ẹnu. Ẹni tí yóò jókòó tì í, tí yóò tún kọ́ ọ bí a ṣe ń wẹ̀ àti bí a ṣe ń wọṣọ, tí yóò bá a tún yàrá àti ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ tò kó lè padà sídìí iṣẹ́, òun ni òyìnbó ń pè ní occupational therapist. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, afiṣẹ́-ṣètọ́jú ni a ó máa pè é, nítorí pé iṣẹ́ ọwọ́ àti ìṣe ojoojúmọ́ ni oògùn rẹ̀. Ó ń tọ́jú ọmọdé tí ara rẹ̀ kò tètè le, ó ń tọ́jú ẹni tí ọkàn rẹ̀ dàrú, ó sì ń tọ́jú arúgbó tí kò lè dá nǹkan ṣe mọ́.

Irú ìtọ́jú báyìí kì í ṣe àjèjì nílẹ̀ wa. Lọ́dún 1954, olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Àrò, l'Ábẹ́òkúta. Dípò kí wọ́n ti aláìsàn ọpọlọ mọ́lé, wọ́n ń fi í sọ́dọ̀ àwọn àgbẹ̀ ní abúlé tó wà nítòsí, ẹbí rẹ̀ á wà pẹ̀lú rẹ̀, yóò sì máa bá wọn ṣiṣẹ́ oko bó ti ń gba ìtọ́jú lọ. Àwọn oníṣègùn káàkiri àgbáyé ló gbọ́ nípa ètò yìí. Àgbà tó bá gbọ́njú nígbà náà yóò rántí.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìtọ́jú gan-an ni kókó ọ̀rọ̀ wa lónìí. Ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe ìtọ́jú náà ni, àti ìbéèrè kan tó kan gbogbo ẹgbẹ́ lórílẹ̀-èdè yìí: ta ló ń darí ẹgbẹ́, ṣé àwọn tí wọ́n yàn sípò nìkan ni, tàbí gbogbo ẹni tó ń san owó?

Ìgbìmọ̀ ìjọba yàtọ̀ sí ẹgbẹ́

Lọ́dún 1988, ìjọba ológun ìgbà náà ṣe òfin kan tó dá ìgbìmọ̀ tí à ń pè ní Medical Rehabilitation Therapists Board sílẹ̀. Òfin náà kó àwọn afiṣẹ́-ṣètọ́jú, àwọn physiotherapist tó ń fi ìdárayá tọ́jú eegun àti iṣan, àti àwọn mìíràn tí iṣẹ́ wọn fara jọ ọ́ sábẹ́ òrùlé kan ṣoṣo. Ìgbìmọ̀ yìí ló ń forúkọ oníṣẹ́ sílẹ̀, òun ló ń fún un ní ìwé àṣẹ, òun náà ló sì ń bá a wí bó bá ṣẹ̀. Ti ìjọba ni.

Ẹgbẹ́ ní tirẹ̀ jẹ́ ti àwọn oníṣẹ́ fúnra wọn. Orúkọ ti àwọn afiṣẹ́-ṣètọ́jú ni Occupational Therapists Association of Nigeria, èyí tí wọ́n ń gé kúrú sí OTAN. Ẹgbẹ́ yìí ló ń gba ẹnu wọn sọ̀rọ̀ níwájú ìjọba, òun náà ló sì ń ṣojú Nàìjíríà nínú ẹgbẹ́ àgbáyé tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1952. Ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè mẹ́wàá péré ló bẹ̀rẹ̀ ti àgbáyé náà, India àti Gúúsù Áfíríkà wà lára wọn. Lónìí, àwọn tó wà nínú rẹ̀ ti lé ní 100.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ wo ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Lábẹ́ òrùlé kan ṣoṣo tí òfin 1988 kó wọn sí, àwọn physiotherapist pọ̀ ju àwọn afiṣẹ́-ṣètọ́jú lọ fíìfíì. Ẹni tó bá kéré nínú ilé ńlá, ohùn rẹ̀ ló fi ń gba ìpín rẹ̀. Bí àwọn díẹ̀ tó wà kò bá wá sípàdé, ohùn wo ló kù?

Ẹni 26 lè pinnu fún ẹni 200

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò kékeré kan yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò. Ká ní ẹgbẹ́ kan ní ọmọ ẹgbẹ́ 200, tí ìwé òfin rẹ̀ sì sọ pé bí ẹni 50 bá ti pé, ìpàdé lè bẹ̀rẹ̀, ohun tí wọ́n bá sì fọwọ́ sí ti di òfin. Bó bá jẹ́ pé ẹni 50 náà gan-an ló wá, ẹni 26 nínú wọn ti pọ̀ tó láti borí ìdìbò. Ìyẹn ni pé ẹni 26 ló pinnu iye owó tí ẹni 200 yóò máa san, ẹni tí yóò di ààrẹ, àti ohun tí wọn yóò bá ìjọba sọ. Kò sí ẹni tó jí ẹgbẹ́ gbé. Àwọn 150 tó jókòó sílé ló fà á lé wọn lọ́wọ́.

Kí ló máa ń dá ènìyàn dúró sílé? Kì í ṣe ọ̀lẹ nìkan. Ilé ìwòsàn mìíràn wà tó jẹ́ afiṣẹ́-ṣètọ́jú kan ṣoṣo ló ní. Bó bá lọ sípàdé nílùú mìíràn lọ́jọ́ méjì, kò sí ẹni tí yóò rí àwọn aláìsàn rẹ̀. Owó ọkọ̀ ti wọ́n. Àwọn kan ti jápa lọ sí Ìlú Ọba, Kánádà àti Amẹ́ríkà, orúkọ wọn ṣì wà nínú ìwé, àmọ́ ọkàn wọn ti kúrò nílé.

Èyí tó le jù níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀. Nínú iṣẹ́ tí àwọn oníṣẹ́ kò pọ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹni tó kọ́ ọ níwèé ló jẹ́ alága, ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́ ló sì jẹ́ akápò. Báwo ni ọmọ Yorùbá ṣe fẹ́ dìde láàárín àwùjọ kó bi ọ̀gá rẹ̀ pé, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, owó tá a dá lọ́dún tó kọjá ńkọ́?" Ọ̀pọ̀ á kúkú dákẹ́, wọ́n á wá máa kùn lẹ́yìn ìpàdé. Ẹ jẹ́ ká sọ òdodo: ìbéèrè kì í ṣe àfojúdi. Ìdí nìyẹn tí ìwé òfin ẹgbẹ́ fi wà, kó lè jẹ́ pé òfin ló ń béèrè, kì í ṣe ọmọdé. Bí òfin bá ti ní kí ayẹ̀wé-owó wò ó, kí wọ́n sì ka ìṣirò náà sétí gbogbo ènìyàn, kò sí ẹni tí yóò sọ pé ọmọ kan rí àgbà fín.

Àwọn aṣáájú náà ní ẹ̀dùn ọkàn tiwọn. Nínú ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́, iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń ṣe. Wọ́n á kọ lẹ́tà, ẹnikẹ́ni kò ní dá wọn lóhùn. Wọ́n á fi owó ara wọn wọkọ̀ lọ sí Àbújá, àwọn tí kò wá sípàdé ni yóò kọ́kọ́ bú wọn pé wọn kò ṣe tó.

Ohun tí àwọn bàbá wa mọ̀

Ọdún 1907 tí wọ́n ṣí ilé ìwòsàn Yábàá náà ni àwọn àgbẹ̀ olókòó kòkó dá ẹgbẹ́ Agege Planters' Union sílẹ̀ ní Agége, tí kò jìnnà sí Òṣòdì. Olóyè Jacob Kẹ́hìndé Coker ni aṣáájú wọn. Nígbà tó di ọdún 1935, ìjọba amúnisìn ṣe òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní Nàìjíríà. Ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ ti ṣe ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù lóko mọ bó ṣe ń rí: gbogbo ènìyàn ló mọ ọjọ́ ìpàdé, wọ́n á ṣí ìwé lójú gbogbo ẹgbẹ́, ẹni tí kò bá wá á san owó ìtanràn, ẹni tó ní ìpín ńlá àti ẹni tó ní ìpín kékeré sì ní ìbò kọ̀ọ̀kan. A kò nílò kí ẹnikẹ́ni ti òkè òkun wá kọ́ wa ní èyí.

Lókè òkun náà, bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 1917, ẹni mẹ́fà péré ni òǹkọ̀tàn kà sí olùdásílẹ̀ ẹgbẹ́ àwọn afiṣẹ́-ṣètọ́jú ní Amẹ́ríkà, nílùú Clifton Springs, ìpínlẹ̀ New York. Ọ̀kan nínú wọn, Isabel Newton, akọ̀wé ni lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó ń jẹ́ George Barton. Kì í ṣe oníṣègùn, àmọ́ ó jókòó níbẹ̀, ó sì di akọ̀wé ẹgbẹ́. Ẹgbẹ́ náà ti wá ní ọmọ ẹgbẹ́ lọ́nà ẹgbẹẹgbẹ̀rún.

Òfin ti wà fún ẹni tó bá fẹ́ lò ó

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2020, Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin tuntun lórí ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́. Ẹgbẹ́ tó bá forúkọ àwọn alámòójútó rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ òfin yìí gbọ́dọ̀ ní ìwé òfin tó sọ bí wọ́n ṣe ń yan aṣáájú àti bí wọ́n ṣe ń yọ ọ́, bí wọ́n ṣe ń pèpàdé, àti bí wọ́n ṣe ń tọ́jú owó. Ó tún gbọ́dọ̀ máa fi ìròyìn ránṣẹ́ sí ìjọba lọ́dọọdún. Bí nǹkan bá sì bàjẹ́ pátápátá, ìdá kan nínú márùn-ún ọmọ ẹgbẹ́ lè gba ilé ẹjọ́ lọ pé kí wọ́n dá àwọn alámòójútó dúró ná. Nínú ẹgbẹ́ ẹni 200 tá a fi ṣe àpẹẹrẹ, ẹni 40 nìyẹn. Ṣùgbọ́n níbo ni wọ́n ti fẹ́ rí ẹni 40, bí kò bá sí ẹni tó mọ ẹnìkejì rẹ̀? Ilé ẹjọ́ kì í sì í ṣe ibi tó yẹ kí ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ dé. Àwọn tó bá ń pàdé déédéé kì í sábà dé ibẹ̀.

Kí ló kan aláìsàn nínú gbogbo èyí? Ó kàn án gan-an. Lọ́dún 2022, ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin tó sọ ìdójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, wọ́n fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ. Ẹni tó mọ iṣẹ́ ló yẹ kó sọ fún ìjọba pé, nínú ohun tí ìdójútòfò máa san, kí wọ́n fi ìtọ́jú tí yóò dá télọ̀ padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀ kún un, kí wọ́n sì gba àwọn afiṣẹ́-ṣètọ́jú sí ilé ìwòsàn ìgbèríko. Bó bá jẹ́ pé àwọn tó wà nílùú ńlá nìkan ló ń wá sípàdé, ta ni yóò dárúkọ ìgbèríko?

Nítorí náà, kí àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ máa kéde ọjọ́ ìpàdé ní oṣù mẹ́ta ṣáájú. Kí wọ́n fi ìṣirò owó ránṣẹ́ kí ọjọ́ tó pé. Kí wọ́n jẹ́ kí ẹni tó wà lọ́nà jíjìn bá wọn jókòó lórí fóònù, kí ìdìbò jẹ́ ti ìkọ̀kọ̀, kí wọ́n sì jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Òṣòdì àti ti Ifẹ̀ máa wá gbọ́ ọ̀rọ̀, nítorí àwọn ló máa jogún ẹgbẹ́. Kí ọmọ ẹgbẹ́ náà ka ìwé òfin, kó san owó, kó wá, kó béèrè ọ̀rọ̀, kó sì gbà bí wọ́n bá ní kó wá ṣiṣẹ́ nínú ìgbìmọ̀.

Ẹ̀yin òbí tó wà nílé, bí ọmọ yín bá ń ṣe iṣẹ́ yìí, tàbí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, tàbí ti tíṣà, lọ́jọ́ tó bá wá kí yín, ẹ bi í pé ìgbà wo ló lọ ìpàdé ẹgbẹ́ rẹ̀ gbẹ̀yìn. Bó bá ní òun kàn ń san owó ni, ẹ rán an létí ohun tí Yorùbá máa ń sọ: ohun a bá jọ wò, gígún ní í gún.