Iná Ọ̀dàn àti Àtisọjí Igbó ní Agbègbè Ìbàràpá

Ẹni tí ó bá ti Èrúwà lọ sí Ìgbò-Ọrà ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn yóò rí ilẹ̀ dúdú tí iná ti jó, yóò sì rò pé ohun gbogbo ibẹ̀ ti kú. Ṣùgbọ́n bí òjò bá rọ̀, koríko yóò tún yọrí. Ewé ni iná jó; gbòǹgbò wà láàyè nínú ilẹ̀. Ti èkan tilẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ: bí ọkọ́ bá gé ohun tí ó nà sí abẹ́ ilẹ̀ wẹ́wẹ́, wẹ́wẹ́ náà ni yóò hù. Àgbẹ̀ gbogbo ni ó mọ èyí, kò sì dùn mọ́ wọn nínú.

Ti igi kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Ní 1929, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí ń ṣe ìtọ́jú igbó bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kan ní igbó ọba Olókèméjì, lẹ́bàá odò Ògùn, ní ìhà gúúsù Èrúwà. Ilẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n yà sọ́tọ̀. Wọ́n ń sun ọ̀kan lọ́dọọdún nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Wọ́n ń sun èkejì ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn. Wọn kò jẹ́ kí iná dé ẹ̀kẹta rárá. Lẹ́yìn ọdún 28, ilẹ̀ tí iná kò dé ti di igbó, òjìji igi sì ti pa koríko rẹ̀. Èyí tí a ń sun ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn di ọ̀dàn, igi díẹ̀ tí ara wọn gba iná ni ó kù níbẹ̀. Èyí tí a tètè ń sun wà láàárín méjèèjì. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, omi ṣì wà lára koríko, iná rẹ̀ kò le. Ní ìparí rẹ̀, koríko ti gbẹ fúrúfúrú, iná sì ń bá igi níbi tí ó ti ń rúwé tuntun.

Kùkùté tí ó wà láàyè àti irúgbìn tí ẹyẹ àti afẹ́fẹ́ ń gbé wá ni igbó fi ń padà. Níbi tí irú nǹkan wọ̀nyí kò bá sí, ọ̀ràn di iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn. Ní ọ̀sà etíkun Virginia ní Amẹ́ríkà, àrùn àti ìjì pa koríko inú omi run ní 1933, kò sì padà fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí àwọn onímọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́n irúgbìn rẹ̀ ní 1999. Irúgbìn náà lé ní 70,000,000.

Ní Ìbàràpá, àwọn àgbà a máa fi ilẹ̀ sílẹ̀ títí yóò fi di igbórò. Ní báyìí, ọdún ìsinmi ilẹ̀ ti kúrú, àwọn tí ń sun èédú ń gé igi, katakata sì ń hú kùkùté. Lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, tí iná tún ń kọjá lọ́dọọdún, èkan ni ó ń kọ́kọ́ padà, òun náà ni ó sì ń pẹ́ níbẹ̀.