Òṣìṣẹ́ Karùn-ún, Òṣìṣẹ́ Kẹẹ̀ẹ́dógún: Bí Òfin Ṣe Ń Wo Ilé-Iṣẹ́ Kọ́ńsọ́tánǹtì Tó Ń Dàgbà

Ẹni tó bá wọ ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ kọ́ńsọ́tánǹtì kékeré ní Ìkẹjà tàbí Yábàá kò ní rí ọjà kankan lórí àtẹ. Tábìlì mélòó kan, kọ̀ǹpútà alágbèéká, jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìn ilé, pátákó funfun tí wọ́n fi mákà kọ orúkọ àwọn oníbàárà sí, ó parí. Wákàtí ni wọ́n ń tà: wákàtí ẹni tó mọ ìṣirò, wákàtí ẹni tó mọ òfin owó-orí, wákàtí ẹni tó lè jókòó ti ìwé báńkì ilé-iṣẹ́ ẹlòmíì títí yóò fi rí ibi tí owó ń gbà jò. Bí irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá sọ pé ọdún yìí san àwọn, wákàtí tí wọ́n tà ló pọ̀ sí i. Ìbéèrè tó kù ni pé lára ta ni wọ́n ti rí i yọ.

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe tuntun. Láti 1886 ni Arthur D. Little ti bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní Boston, ní Amẹ́ríkà. Ní 1926, James O. McKinsey, olùkọ́ ìṣirò owó ní Yunifásítì Chicago, dá èyí tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ dòní sílẹ̀. Nígbà tí Bruce Henderson bẹ̀rẹ̀ ohun tó wá di Boston Consulting Group ní 1963, òun nìkan ló wà níbẹ̀, lábẹ́ báńkì kan. Nílé níbí, Akíntọ́lá Williams, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gboyè gíga nínú iṣẹ́ aṣírò-owó, ṣí ọ́fíìsì tirẹ̀ ní Èkó ní 1952. Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Kọ́ńsọ́tánǹtì ni àlejò tí wọ́n ń sanwó fún pé kó fi ojú rẹ̀ ríran, nítorí àlébù ilé ti mọ́ onílé lójú.

Ọdún tó le jù fún ilé-iṣẹ́ kékeré kì í ṣe ọdún tí iṣẹ́ kò sí. Ọdún tí iṣẹ́ ńlá àkọ́kọ́ dé ni. Oníbàárà ńlá kì í sanwó lọ́jọ́ tí ìwé owó dé ọwọ́ rẹ̀. Ó lè ní kí wọ́n dúró fún 60 ọjọ́ tàbí 90. Owó oṣù kò sì mọ̀ pé oníbàárà ò tíì sanwó. Ọ̀gá kò wá lè gba èèyàn tuntun títí owó yóò fi wọlé, ni èèyàn mẹ́rin bá ń ṣe iṣẹ́ èèyàn méje. Lọ́jọ́ Jímọ̀, wọ́n fi ìwé ìmọ̀ràn ránṣẹ́. Ní aago mọ́kànlá alẹ́ ọjọ́ Sátidé, WhatsApp dún: ọ̀gá àgbà ilé-iṣẹ́ oníbàárà fẹ́ kí wọ́n yí òǹkà ojú ewé kẹrìnlélógún padà kí ìpàdé Mọ́ńdè tó bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tó máa yí i padà ń gbé ní Mọwé, ó sì gbọ́dọ̀ jáde nílé kí ilẹ̀ tó mọ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè náà kí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ má bàa ká a mọ́ ojú ọ̀nà.

A máa ń sọ pé iṣẹ́ kì í pani, ayọ̀ ní ń pani. Àjọ Ìlera Àgbáyé àti Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé kò gbà bẹ́ẹ̀. Ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 2021 ṣírò rẹ̀ pé ní 2016 nìkan, àrùn rọpárọsẹ̀ àti àrùn ọkàn tó wá látara iṣẹ́ àṣejù pa èèyàn bíi 745,000 káàkiri ayé. Wákàtí 55 lọ́sẹ̀ ni wọ́n fi ààlà sí. Ẹ bá mi ka wákàtí ọmọ Mọwé yẹn.

Èèyàn á rò pé òfin máa gbèjà rẹ̀. Òfin Iṣẹ́ Nàìjíríà, tó ti wà láti 1971, ní ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́fà lóòjọ́ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ rí ó kéré tán wákàtí kan fi sinmi, kó ní odindi ọjọ́ kan fún ìsinmi láàárín ọjọ́ méje, kó sì gba ìsinmi ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà pẹ̀lú owó tó bá ti pé ọdún kan. Ó dára. Ṣùgbọ́n nígbà tí òfin kan náà ń sọ ẹni tó ń pè ní òṣìṣẹ́, ẹni tó ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́ àti akọ̀wé ló mú. Ó yọ àwọn aláṣẹ, àwọn alákòóso àti àwọn tó ń fi ìmọ̀ àkọ́mọ̀ọ́ṣe jẹun sílẹ̀. Kọ́ńsọ́tánǹtì bọ́ síta nìyẹn. Ohun tó bá wà nínú lẹ́tà tí wọ́n fi gbà á síṣẹ́ ni òfin tirẹ̀. Òfin owó-orí tuntun tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní 2026 náà kò fojúure wò wọ́n: ìdẹ̀ra tó fún ilé-iṣẹ́ kéékèèké kò kan àwọn tó ń ta iṣẹ́ ìmọ̀, bó ti wù kí wọ́n kéré tó.

Àwọn òfin mìíràn wà tí kì í wo irú iṣẹ́, orí ni wọ́n ń kà. Tí òṣìṣẹ́ bá ti pé márùn-ún, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù gbogbo wọn lọ́dún di ti ITF, àjọ tó ń rí sí ẹ̀kọ́ṣẹ́. Tí wọ́n bá pé 15, Òfin Owó Ìfẹ̀yìntì ti 2014 di dandan: agbanisíṣẹ́ yóò dá ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún, òṣìṣẹ́ yóò dá 8. Kò ṣòro láti mọ ìdí tí ọ̀gá kan fi lè dúró sí mẹ́rìnlá, kó máa pe ẹni kẹẹ̀ẹ́dógún ní “ẹni tó ń bá wa ṣe é díẹ̀díẹ̀” fún ọdún mẹ́ta. Ìwà àgàbàgebè ni, ó sì máa ń já sí àdánù: ẹni tó bá fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ gbọ́dọ̀ kó ìwé ẹ̀rí owó ìfẹ̀yìntì, ti ITF àti ti NSITF síwájú.

NSITF yìí jẹ́ àjọ tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ kò mọ̀ nípa rẹ̀. Òfin tí wọ́n ṣe ní 2010 ní agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù síbẹ̀ nítorí ìjàǹbá ẹnu iṣẹ́. Kì í ṣe ti ẹni tí ẹ̀rọ gé lọ́wọ́ nìkan. Àìlera ọpọlọ tó wá látinú irú iṣẹ́ tí èèyàn ń ṣe wà nínú rẹ̀, bí dókítà tí òfin mọ̀ bá ti jẹ́rìí sí i. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé dídá tí wọ́n dá a dúró tàbí yíyí tí wọ́n yí iṣẹ́ rẹ̀ padà ló kó ìdààmú bá a, kò sí owó kankan fún un.

Èyí tó kù wà lọ́wọ́ ọ̀gá. Ìwé tí wọ́n fi ń ka wákàtí kí wọ́n lè mọ iye tí oníbàárà máa san, ìwé yẹn náà ló lè fi han ọ̀gá pé ẹnì kan ti ṣe 60 lọ́sẹ̀ fún oṣù méjì. Ó kàn jẹ́ pé ojú owó nìkan ni wọ́n fi ń wò ó. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2022, ilé-iṣẹ́ 61 tí òṣìṣẹ́ wọn tó bíi 2,900 dán iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀ wò láìgé owó oṣù. 56 nínú wọn ló ń bá a lọ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. N kò sọ pé kí Èkó ṣe é lọ́la. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ tó bá lè sọ fún oníbàárà pé “ó di àárọ̀ Mọ́ńdè” kò ní tìtorí rẹ̀ wó.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ fọwọ́ sí lẹ́tà iṣẹ́ irú ibẹ̀, ẹ béèrè iye ọjọ́ ìsinmi, iye wákàtí, àti bóyá wọ́n ń san owó ìfẹ̀yìntì àti ti NSITF. Bí wọ́n bá ní “a jọ máa rí sí i,” ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú lẹ́tà kí ẹ tó fọwọ́ sí i.