Gáàsì Tó Ń Ṣàn Lọ Sẹ́nu Ihò Dúdú

Ní ọdún 1790, William Herschel rí àbàwọ́n ìmọ́lẹ̀ kan láàrin àwọn ìràwọ̀ Fornax, orúkọ tó túmọ̀ sí ìléru. NGC 1097 là ń pè é lónìí. Agbo ìràwọ̀ ńlá ni, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì ń rìn fún nǹkan bí mílíọ̀nù 45 ọdún kó tó kàn wá lójú.

Ọ̀pá gbọọrọ kan tí ìràwọ̀ àti eruku kóra jọ dì ló dábùú àárín rẹ̀. Láti orí ọ̀pá náà ni apá méjì ti ká lọ bí ìwo àgbò.

Ọ̀pá yìí ló ń ṣe iṣẹ́ tó le jù. Bí òkò inú kànnàkànnà tí wọ́n ń fì, gáàsì tó ń yípo kò ṣeé fà wọ àárín bọ̀rọ̀. Àfi kí nǹkan kan gba eré yíyí yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Òòfà ọ̀pá ló ń gbà á. Gáàsì á máa kọlu gáàsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá, níbi tí ilà eruku dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ ti ń hàn, eré á dín kù, yóò sì máa ṣàn wọlé.

Kì í kúkú dé àárín lẹ́ẹ̀kan náà. Òrùka kan wà lójú ọ̀nà, tí ìmọ́lẹ̀ á fi nǹkan bí 5,000 ọdún là já. Ibẹ̀ ni gáàsì ti ń há bí ọkọ̀ ní ráńdabáòtù, tó sì ń ki títí tí ìràwọ̀ tuntun fi ń bẹ̀rẹ̀ sí í tàn. Nínú àwòrán awò Hubble, òrùka náà ń dán bí ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n sín. Ẹwà rẹ̀ kò ṣeé fẹnu sọ tán.

Èyí tí kò di ìràwọ̀ ń ká wọnú lọ ní fọ́nrán wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́, lọ sọ́dọ̀ ihò dúdú tó wúwo tó oòrùn mílíọ̀nù 140, tí ìmọ́lẹ̀ pàápàá kò lè jáde nínú rẹ̀.

Àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ ló ń tú àṣírí ìrìn yìí. Gáàsì tó ń bọ̀ sọ́dọ̀ wa, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á fà sí búlúù. Èyí tó ń lọ á túbọ̀ pọ́n. Ní 1991, Thaisa Storchi-Bergmann, onímọ̀ ìràwọ̀ ọmọ Brazil, yẹ àárín NGC 1097 wò láti Cerro Tololo ní Chile. Lórí àtẹ tó ń fi bí àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe mọ́lẹ̀ tó hàn, ìmọ́lẹ̀ haidirójìn ibẹ̀ yọ ṣóńṣó méjì tí ẹnikẹ́ni kò rí rí níbẹ̀: gáàsì tó tẹ́ bí àwo ń yí ihò náà ká, ẹ̀gbẹ́ kan ń sáré bọ̀, èkejì ń sáré lọ, ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan. Lọ́dún mélòó kan lẹ́yìn náà, ṣóńṣó tó ga tẹ́lẹ̀ ti lọ sílẹ̀, èkejì sì ti ga jù ú lọ, nítorí àwo náà kò dúró lójú kan.