Ọkọ̀ tó ń gbé ẹ̀rọ ìlọ̀ kiri oko

Ní Kétu àti ní Ṣábẹ̀ẹ́, ẹni tó bá fẹ́ lọ àgbàdo yóò gbé e lọ bá ẹ̀rọ. Ní Amẹ́ríkà, ìgbà kan wà tí ẹ̀rọ ni ó ń wá bá àgbàdo ní oko. Oúnjẹ ẹran ọ̀sìn ni wọ́n ń fi í lọ̀.

Kí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ tó dé, àgbẹ̀ ní láti kó àgbàdo rẹ̀ lọ sí ìlú, kí ó sì dúró de àwọn tó ti ṣáájú rẹ̀ dé. Iṣẹ́ ọjọ́ náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn.

Ní àwọn ọdún 1950, ọkọ̀ akẹ́rù tó gbé ẹ̀rọ ìlọ̀ sẹ́yìn ń kiri àwọn ìpínlẹ̀ bíi Iowa, Wisconsin àti Pennsylvania. Nínú ẹ̀rọ náà, ọ̀pọ̀ òòlù irin so mọ́ ọ̀pá kan tó ń yí kíákíá. Àwọn òòlù náà ń fọ́ àgbàdo títí yóò fi gba ojú asẹ́ irin kọjá. Bí ojú asẹ́ bá kéré, ìyẹ̀fun yóò kúnná. Ẹni tó ń sin màlúù lè ní kí wọ́n lọ àgbàdo pẹ̀lú ṣùkù rẹ̀, nítorí inú màlúù gba ṣùkù. Ti ẹlẹ́dẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, awakọ̀ yóò da ìyẹ̀fun sóyà àti iyọ̀ mọ́ ọn. Yóò sì wọ́n omi ìrèké dúdú tó ki bí oyin sí i, kí eruku lè rọlẹ̀, kí ẹran sì lè fẹ́ràn rẹ̀. Bí awakọ̀ ṣe ń gba owó ìlọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ó ń ta sóyà tó gbé wá. Ọgbọ́n òwò nìyẹn, kò sì burú.

Àwọn tó dàgbà ní oko nígbà náà kò gbàgbé ariwo rẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá ń lọ̀ ní oko aládùúgbò, wọ́n ń gbọ́ ọ nílé. Wọ́n rántí awakọ̀ tí eruku bò láti orí dé ẹsẹ̀, tó mọ iye ẹran oko kọ̀ọ̀kan, tó sì ń mú ìròyìn láti oko kan dé èkejì.

Ó lè mú àìsàn dé pẹ̀lú. Ọkọ̀ tó ti oko kan bọ́ sí òmíràn lè gbé ìgbẹ́ ẹran aláìsàn lẹ́sẹ̀ táyà. Ẹni tó sin ẹlẹ́dẹ̀ ní Benin ní ọdún 1997, nígbà tí ibà ẹlẹ́dẹ̀ ilẹ̀ Áfíríkà wọlé, mọ ohun tí èyí lè dá sílẹ̀.

Síbẹ̀, kì í ṣe àìsàn ni ó lé ọkọ̀ náà lọ. Àwọn àgbẹ̀ kan ra ẹ̀rọ ìlọ̀ tiwọn, èyí tí katakata ń yí. Ṣùgbọ́n ohun tó wúwo jù ni pé àwọn oko kéékèèké ń pòórá. Ní ọdún 1950, oko tó wà ní Amẹ́ríkà lé ní mílíọ̀nù 5. Ní ọdún 1974, wọn kò tó mílíọ̀nù 2 àbọ̀ mọ́. Ẹni tó ní màlúù mẹ́wàá, ẹlẹ́dẹ̀ ogún àti adìyẹ díẹ̀ ni ọkọ̀ náà wà fún. Nígbà tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ta ẹran rẹ̀, awakọ̀ kò rí ibi tí yóò yà sí mọ́. Àwọn oko ńlá ń ra oúnjẹ tí ilé iṣẹ́ ti pò tán.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ àtijọ́ náà ni ìpẹtà ti jẹ lẹ́yìn ilé oko. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Ireland, irú wọn ṣì ń ṣiṣẹ́ lónìí: awakọ̀ yóò wọ oko, yóò tan ẹ̀rọ, yóò sì lọ ọkà bálì tí àgbẹ̀ fúnra rẹ̀ gbìn.